Lámídì àti Ọkọ̀ Tó Ń Jò Lọ́sàn-án

Nígbà tí orí mi ṣì dúdú kiki, tí mo lè wọ abẹ́ ọkọ̀ kí n sì jáde láìfi ọwọ́ di nǹkan kan mú… ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Eegun ẹ̀yìn yìí náà ti ṣe ọ̀dọ́ rí. Ìgbà yẹn, ọgbà mẹkáníìkì wa wà ní Bàrígà, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí èèyàn ti lè gbọ́ òórùn ọ̀sà bí atẹ́gùn bá fẹ́. Àwa mẹ́tàdínlógún la wà níbẹ̀. Lónìí, wọ́n ti kọ́ ilé alájà mẹ́rin sí i. Bí mo bá ń kọjá, n kì í wo apá ibẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ó jẹ́ ìgbà tí àwọn ológun ní àwọn ń padà sí bárékè, kí àwọn alágbádá máa wá ṣèjọba. Ti àkọ́kọ́ ni mò ń sọ o, kì í ṣe èyí tó ṣojú ẹ̀yin. Ẹ ò lè mọ bí inú wa ṣe dùn tó. Gbogbo ògiri Ṣómólú kún fún àwòrán olóṣèlú. Ẹni tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ń jiyàn òfin. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, mo gba gbogbo rẹ̀ gbọ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn tuntun. Mo ní kò gbọdọ̀ sí ìrẹ́jẹ mọ́, láti ilé ìjọba títí dé abẹ́ ọkọ̀.

Tẹ́lẹ̀, Alága wa nìkan ló ń dájọ́ nínú ọgbà. Ohun tó bá sọ, abẹ gé e. Èmi ni mo dìde ní ìpàdé Ọjọ́bọ̀ kan, mo ní rárá o. Bí ìlú bá fẹ́ di ti gbogbo wa, ọgbà yìí náà gbọ́dọ̀ di ti gbogbo wa. Kí á máa nawọ́, kí á máa kà á, kí á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Alága wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ lo mọ̀wé, ìwọ ni akọ̀wé. Bí mo ṣe di Akọ̀wé nìyẹn. Orúkọ yẹn ni wọ́n ń pè mí títí tí mo fi kúrò níbẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Lámídì… kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá sọ ọ́ náà, èébú wẹ́wẹ́ ni. Ọjọ́ kejì tí mo di akọ̀wé, ó dúró níwájú mi bí ọmọ iléèwé, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, “Akọ̀wé, ṣé ó ti di kí n kọ lẹ́tà sí ọ kí n tó yá sípánà rẹ?” Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ ti rí i lábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́, irin rìbìtì bí ìkòkò láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì? Difíréńṣà nìyẹn. Òun ló ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, tó sì ń pín in fún táyà ọ̀tún àti táyà òsì. Ọ́ìlì kún inú rẹ̀. Ibi tí ọ̀pá irin bá ti gba inú rẹ̀ jáde, síìlì kan wà níbẹ̀, rọ́bà róbótó tó ní ètè. Ètè yẹn á di ọ̀pá mú pinpin kí ọ́ìlì má baà jáde. Bó bá gbó, ọ́ìlì á máa jò, ẹ ó yọ ọ́, ẹ ó fi tuntun sí i.

Àwa yòókù, hámà la fi ń lu síìlì wọlé. Lámídì, rárá. Igi ló ń fi lù ú. Ó ní igi kékeré kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Kó, kó, kó. Á dákẹ́. Á yí i díẹ̀. Kó, kó, kó. Kò yára, kò sì falẹ̀. Kódà bí mo bá wà ní òpin ọgbà, tí mo bá ti gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé òun ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin kan fún yín, torí òun ló kó wa sí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ohunkóhun tí a bá yọ lára ọkọ̀, a gbọ́dọ̀ kó o fún ẹni tó ni ọkọ̀. Bó ti wù kó bàjẹ́ tó. Kó fi ojú rí i pé a yọ ògbólógbòó, a fi tuntun sí i. Ẹni tó bá fi pa mọ́, olè ni. Òfin àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ nìyẹn. Lónìí ńkọ́? Lónìí, wọ́n á yọ tiyín, wọ́n á kùn ún, wọ́n á tún tà á fún yín.

Ó wá di ọjọ́ kan, obìnrin kan gbé ọkọ̀ wá. Nọ́ọ̀sì ni, Igbóbì ló ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ló ni ọkọ̀ náà, ó sì ti kú. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, ilé àbúrò olóògbé ni ọkọ̀ wà, létí omi ní Bàrígà níbẹ̀, tí atẹ́gùn iyọ̀ ń jẹ ẹ́ nídìí. Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú. Màmá Nọ́ọ̀sì ní òun fẹ́ máa fi gbé ìyá òun tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ lọ gba ìtọ́jú.

Alága pín iṣẹ́. Lámídì, pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn, wọ́n ti gbẹ. Akọ̀wé, ha ìpẹtà abẹ́ rẹ̀, kí o fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Lámídì ṣe tirẹ̀, ó kó ògbólógbòó síìlì lé màmá lọ́wọ́. Èmi náà ṣe tèmi. Mo kùn ún bí ẹni ń kun ààfin. Irin, bóòtù, ìkòkò ẹ̀yìn yẹn, òkè rẹ̀, ìdí rẹ̀, mi ò fi ibi kankan sílẹ̀. Alága yìn mí. Ó ní ẹ wo iṣẹ́ ọmọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí màmá padà. Ọkọ̀ ń jò lẹ́yìn.

Lámídì tú u, ó fi síìlì tuntun sí i. Màmá tún padà. Ó ń jò. Alága wá ní kí wọ́n fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ nínú ọgbà, kí gbogbo wa máa wò ó.

A wò ó o. Ní àárọ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á gbẹ. Ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Bí oòrùn bá ti wá dúró sí àtàrí, tí òjìji kálukú bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀. Kán… kán… Ọ̀tún kan, òsì kan. Bí ẹni tó ń sunkún tí kò mira. Bí oòrùn bá yẹ̀, yóò dákẹ́. Ọjọ́ kejì, ọ̀sán gan-an, ó tún di kán.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Màmá Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ó rí i fúnra rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ń wo ọ́ìlì tó ń bọ́ sílẹ̀. Ó wá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò bá wa sọ̀rọ̀, pé, “Ọ̀sán ni ọkọ mi kú. Déédéé àsìkò yìí.”

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń gba ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn kọjá lọ́sàn-án mọ́. Àwa ọkùnrin tí a ń gbé ẹ́ńjìnnì o. A á yípo, a á gba ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Lámídì nìkan ni kò yípo. Ó wọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó yọ síìlì, ó fi síìlì tuntun mìíràn sí i, ó wá jókòó sórí táyà, ó ń fi èyí tó yọ wojú oòrùn. Ó pè mí. Ó ní, “Akọ̀wé, wo ètè rẹ̀. Ó yí síta. Bí ètè ẹni tó ń fẹ́ iná. Nǹkan kan wà nínú ibẹ̀ tó ń tì í.”

Mo ní, “Kí ni, Bọ̀ọ̀dá?”

Ó ní, “Mi ò tíì mọ̀.”

Ẹ gbọ́, ẹ̀rù bà mí. Ẹni tó ti gbà pé òun ló mọ ẹ̀tọ́, bí ẹ̀rù bá bà á, kì í sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ẹni tí yóò bá wí ló ń wá.

Ìgbà kẹta yẹn, Lámídì kò kó síìlì tó yọ fún màmá. Aṣọ ló fi dì í, ó fi sínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹnìkan rí i. Ó sọ fún ẹnìkejì. Nígbà tó fi di ìpàdé Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti gbé àpótí rẹ̀ síwájú gbogbo wa, wọ́n tú aṣọ. Síìlì ń dán nínú rẹ̀. Dájúdájú yóò dán, ṣé kò tíì lo ọjọ́ mẹ́wàá nínú ọkọ̀? Ṣùgbọ́n ta ló rò ó bẹ́ẹ̀?

Èmi ni mo dìde. Èmi. Mo ní síìlì tuntun lọkùnrin yìí ń kó pa mọ́, ògbólógbòó ló ń fọ̀ tó ń dá padà sínú ọkọ̀ opó. Mo ní ìdí nìyẹn tó fi ń jò. Mo ní àwọn ọlọ́lá ń jẹ aláìní run ní ìlú yìí, àwa náà wá ń jẹ opó run lábẹ́ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí ara mi.

Lámídì ní, “Èyí tí mo yọ nìyẹn. Mo fi pa mọ́ kí n lè máa wò ó. Ibi tó ń gbà jò ni mò ń wá.”

Wọ́n ní kí ló dé tí kò kó o fún ẹni tó ni ín? Ó ní bí òun bá kó o fún un, kí lòun yóò máa wò? Wọ́n rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa gbọ́ tẹnu méjèèjì o, a ṣì ṣìkà.

Mo ní kí á nawọ́. Ọwọ́ mẹ́rìndínlógún ló sókè. Ti Alága ló gbẹ̀yìn, ó gbé e sókè bí ẹni tí apá ń ro. Mo kà á. Mo kọ ọ́. Lámídì kúrò nínú ẹgbẹ́, Lámídì kúrò nínú ọgbà. Kò sẹ́ni tí yóò gbé iṣẹ́ fún un mọ́ láti Bàrígà dé Ṣómólú, torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó tàn.

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. Èmi ló wò. Ó ní, “Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ibi tó ń gbà jò. Màá wá a.”

Ó lọ. Ọkọ̀ kò dẹ́kun. Ọ̀sán, ọ̀sán, kán, kán.

Ó di Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì. Ó lé díẹ̀ ní aago kan. Àwọn tó ń kírun ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, àwọn yòókù ti wá oúnjẹ lọ. Èmi nìkan ló kù. Mò ń fọ káíbúrétọ̀, oòrùn ń jó. Mo wá gbọ́ ọ.

Kó, kó, kó.

Igi ni. Kì í ṣe irin. Ó dákẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń yí nǹkan díẹ̀. Kó, kó, kó. Abẹ́ ọkọ̀ eérú yẹn ló ti ń wá.

Ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí? Ìbínú. Mo ní ọkùnrin yìí ti wọlé padà láìgba àṣẹ ìpàdé! Mo dúró lókèèrè, mo ní, “Bọ̀ọ̀dá Lámídì, ẹ jáde níbẹ̀ o. A ti dá ẹjọ́ yẹn.” Kò dáhùn. Kó, kó, kó. Mo rìn súnmọ́ ọn. Mo bẹ̀rẹ̀ wò.

Kò sí ẹnìkankan.

Mo wo ilẹ̀. Eruku ni, kò sì sí ipa ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ́ìlì nìkan ló ń bọ́ sínú rẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ọ o! Mo ń wo abẹ́ ọkọ̀ tó ṣófo, mo sì ń gbọ́ igi. Ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi sá. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sá, ara yòókù kò tẹ̀ lé e. Mo kàn rí ara mi lórí páálí, mo ti wọ abẹ́ rẹ̀. Mo na ọwọ́, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìkòkò irin yẹn lórí, níbi tí ọwọ́ ń dé tí ojú kò lè rí. Ó gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Kó, kó, kó. Abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi ni. Mo mọ̀ ọ́n lára, bí ìgbà tí ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn láti inú.

Ó dákẹ́. Ìka mi wá kan nǹkan kan, ohun kékeré tó yọ sókè bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Ọ̀dà bò ó. Mo fi èékánná ha á. Mo tún ha á.

Ó mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn kò sí. Ó mí. Fúúúúú… Atẹ́gùn gbígbóná fẹ́ sí ìka mi, òórùn ọ́ìlì kíkan gba gbogbo abẹ́ ọkọ̀. Ó gùn bí ìmí ẹni tó ti ru ẹrù láti Ìkòròdú. Nígbà tó tán, gbogbo nǹkan dákẹ́. Ọ́ìlì kò bọ́ mọ́.

Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo wá mọ̀. Gbogbo difíréńṣà ló ní ihò kékeré kan lórí, kò ju orí ìṣó lọ. Bí oòrùn tàbí eré bá mú un gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ á wú, ihò yẹn ló ń gbà jáde. Èmi ni mo fi ọ̀dà dí i. Nígbà tí atẹ́gùn kò rí ọ̀nà, síìlì ló ń tì. Ẹ ìbá fi síìlì ọgọ́rùn-ún sí i, yóò ti gbogbo rẹ̀ síta. Kò sí òkú ọkọ níbẹ̀. Kò sí olè. Ọ̀dà mi ni, ọ̀dà tí wọ́n torí rẹ̀ yìn mí.

Àmọ́ ta ló wá ń kan igi?

Mo dìde, mi ò wẹ ọwọ́, mo forí lé Fọlá Àgòrò níbi tí Lámídì ń gbé. Ẹsẹ̀ ló ń gbé ni lọ, kò jìnnà. Sàlámọ̀tù ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé bàsíà omi lọ́wọ́. Omi náà dúdú. Ó rí mi, kò kí mi. Mo béèrè ọkọ rẹ̀.

Ó ní, “Akọ̀wé, ẹ̀yin ló yẹ kí n bi. Láti ọjọ́ tó ti ti ọ̀dọ̀ yín dé ló ti dùbúlẹ̀. Kò jẹun. Kò dìde. Ìka ló ń fi kan pákó ibùsùn tọ̀sán tòru.” Ó wá gbé bàsíà sílẹ̀. “Ẹ wá wo ohun tí mò ń fọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti lọ kírun.”

Mo wọlé. Lámídì ti rù bí igi. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí pákó ibùsùn. Abẹ́ èékánná rẹ̀, ìka mẹ́ta, dúdú pẹ̀lú ọ̀dà. Ọ̀dà tútù. Mo wo ọwọ́ tèmi. Bákan náà.

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní Bọ̀ọ̀dá, ẹ dáríjì mí, èmi ni mo dí ihò náà, ẹ kò jalè, òótọ́ lẹ sọ, nǹkan kan ń tì í. Ó ń wò mí. Ojú rẹ̀ balẹ̀.

Ó ní, “Ṣé wọ́n ti gbọ́?”

Mo ní àwọn wo?

Ó ní, “Àwọn tó nawọ́.”

Mo ní wọn ò tíì gbọ́, Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé, màá sọ ọ́ níbẹ̀. Ó yíjú sógiri.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Jímọ̀ ni mo sọ èyí. Mo lè padà sí ọgbà lọ́sàn-án yẹn, kí n pariwo. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní òfin ni òfin, ìpàdé ló dá ẹjọ́, ìpàdé ni yóò tú u. Èmi ni mo kọ òfin náà. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí. Èmi Akọ̀wé, èmi tí mo ń sọ ẹ̀tọ́, mo fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́fà wá ọ̀rọ̀ tó dáa tí màá fi sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ.

Ọjọ́rú, ọ̀sán, Lámídì kú.

Ọjọ́bọ̀, mo dìde níwájú wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ pòórá mọ́ mi lójú. Mo kàn ní èmi ni, ọ̀dà mi ni, kì í ṣe olè. Alága ní kí á nawọ́ láti dá Lámídì padà sínú ẹgbẹ́. Ọwọ́ mẹ́rìndínlógún sókè. Ti Alága ló kọ́kọ́ gòkè. Mo kà á, mo kọ ọ́. Ẹ wo irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

Màmá Nọ́ọ̀sì wá gbé ọkọ̀ rẹ̀. A ṣàlàyé fún un pé ọkọ rẹ̀ kọ́. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ó kàn dúró lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́sàn-án yẹn, ó ń wo ilẹ̀ gbígbẹ, ó pẹ́ níbẹ̀.

A lọ kí Sàlámọ̀tù, gbogbo wa. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wò wá láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn. Alága ní a ti dá orúkọ ọkọ rẹ̀ padà fún un. Kò sunkún. Ó ní, “Láraárọ̀ ló ń bi mí láti ọjọ́ Jímọ̀. Á ní, ṣé wọ́n ti dé? Mo ní wọn ò tíì dé. Á ní kí n má ti ilẹ̀kùn.”

Hmm.

Láyé ìsinsìnyí, ẹ ò tilẹ̀ ń pe ìpàdé mọ́. Ẹ ó jókòó sílé, ẹ ó fi àtàǹpàkò dá èèyàn lẹ́jọ́ lórí fóònù, ẹgbẹ̀rún ọwọ́ á sókè kí omi tó hó. Mi ò ní kí ẹ má bínú sí ìrẹ́jẹ. Ẹ bínú sí i. Ọmọ tí kò bínú sí ìrẹ́jẹ, kí la bí i fún? Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ wò, ọwọ́ ara yín ni kí ẹ sì kọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ ṣi èèyàn dá lẹ́jọ́, ẹ dìde níbi tí ẹ bá wà. Ẹ má wá ọ̀rọ̀ tó dáa. Ẹ má wẹ ọwọ́.

Àwa mẹ́rìndínlógún. Láti ọgbà wa dé ilé Lámídì, oúnjẹ orí iná kò ní jóná kí èèyàn tó lọ kó tó bọ̀. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí fún ọjọ́ márùn-ún gbáko.